Ọ̀fun Tèmi, Ojú Tiyín

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí Ìyá mi, mo kí ẹ̀rọ ìránṣọ yín tó ń pariwo jù mí lọ. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Èmi náà wà láàyè. Mo jókòó sórí ibùsùn nínú yàrá mi, mo fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé ẹ̀yìn ró. Wọ́n ti gé e. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni dókítà yọ bèlúbèlú mi méjèèjì, àwọn ẹran kékeré méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun, tí wọ́n ń wú, tí wọ́n sì ń dá ibà sí mi lára lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́dún láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè yín lórí fóònù. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Tí mo bá sì kọ̀wé ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ kì í kà á, ẹ ní àwọn lẹ́tà ibẹ̀ ń rìn bí èèrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bébà àti gègé. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ wa, èyí tó ń ná ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín, ló máa mú un wá, ọjọ́ méjì péré ló ń gbà. Tó bá ń padà bọ̀, ẹ fi èsì rán an.

Bàbá mi, ẹ rántí àdéhùn wa. Nínú pálọ̀ yín ni lọ́dún tó kọjá, Ìyá mi sì ni ẹlẹ́rìí. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín mú awọ funfun tó bo ẹyinjú yín kúrò. Ẹ na ìka sí mi lọ́fun, ẹ ní, "Ìwọ tó ń gbé ọgbẹ́ kiri nínú ọ̀fun, ojú mi lo wá rí. Lọ gé tìrẹ ná. Ọjọ́ tí o bá gé tìrẹ, èmi náà á lọ." Ẹ rò pé mi ò ní lọ ni. Mo ti lọ o, ó ku ẹ̀yin. Dókítà ojú ti fún yín ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún kàn yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí iṣẹ́ abẹ náà ṣe rí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà kí ẹ lè fi ojú ara yín kà á.

KÒ DÙN MÍ RÁRÁ. MO SÙN, MO JÍ, Ó TI TÁN. ÁÍSÌKIRIÌMÙ NI WỌ́N FI Ń TỌ́JÚ MI.

Èmi ni ọmọ yín,
Agogo Ilé, bí ẹ ṣe máa ń pè mí

Ìyá mi, tiyín ni ìsàlẹ̀ yìí. Mo kọ ọ́ wínníwínní kí Bàbá má baà rí i. Irọ́ ni gbogbo èyí tó wà lókè. Ìyá mi, mo ń kú lọ. Tí mo bá gbé itọ́ lásán mì, bíi pé àfọ́kù àwo ni mo gbé mì. Etí ń ro mí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan etí mi. Ṣíbí omi kan ṣoṣo ni mo fi ìdajì wákàtí mu lánàá, mo sì sunkún lórí rẹ̀. Ẹnu mi ń rùn débi pé mo ń yí orí kúrò lọ́dọ̀ ara mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan wà lórí ibùsùn tó tẹ̀ lé tèmi, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gé tiwa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti ń sáré kiri wọ́ọ̀dù. Ó dúró níwájú mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò tíì san ni?" Nọ́ọ̀sì ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, àgbà ló máa ń jẹ̀yà rẹ̀ jù. Ìyá mi, ẹ bá mi purọ́. Tí Bàbá bá gbọ́ èyí pẹ́nrẹ́n, kò ní lọ mọ́.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹwàá

Sí ọmọ mi tó gbọ́n jù mí lọ,

Mo kí ọ kú ewu. Ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá tí abẹ kò yẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Rúlà tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo fi fa ìlà sí i. Tí o bá débi tí ìlà méjì ti gun ara wọn, bébà ló yẹ̀, kì í ṣe ojú mi.

Ìyá rẹ ka lẹ́tà rẹ sí mi létí. Ó kà á dé orúkọ rẹ, ó ká a, ó ní ó tán. Mo gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sún mọ́ ojú, mo sì rí i pé nǹkan kan tún wà nísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ kòkòrò. Mo béèrè. Ó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe bébà ni. Ọmọ mi, ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń ránṣọ. Tí etí aṣọ bá ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ká nǹkan síbẹ̀.

Mo mú ìwé náà lọ bá obìnrin oní-fọ́tókọ́pì tó wà ní ìkángun òpópónà wa. Mo ní kó bá mi sọ ìsàlẹ̀ yẹn di ńlá. Ó sọ ọ́ di ńlá, mi ò rí i kà. Ó tún sọ èyí tó ti di ńlá di ńlá. Nígbà tó fi máa ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, bébà mọ́kànlá ló gbà, a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí n lè dúró lókèèrè kà á. "Ẹnu mi ń rùn" nìkan gba bébà méjì.

Mi ò rántí pé gbangba òpópónà la wà. Kí n tó ka ìlà kejì, onígbàjámọ̀ ti fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì orí tó fá, ó ti dúró lẹ́yìn mi, ó ń kà á sókè. Nígbà tó dé ibi ṣíbí omi, ọkùnrin tó ń lẹ táyà nu omijé nù. Lánàá, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dá mi dúró, ó ní ṣé ọmọ mi ti ń gbé itọ́ mì. Mo ní a dúpẹ́.

Nítorí náà, àdéhùn wa ti bàjẹ́. O fi lẹ́tà ńlá pa irọ́ fún mi, o wá fi lẹ́tà kékeré sọ òótọ́ fún ìyá rẹ. Ọ̀fun ihò lásán ni. Tí wọ́n bá fọwọ́ kan ihò lásán tó dun èèyàn tó báyìí, kí la fẹ́ sọ nípa ojú? Mi ò lọ mọ́. Kò tiẹ̀ sí ohun tó ṣe ojú mi. Ní ìjẹrin ni mo parí ṣòkòtò kan fún ọ̀gá ilé-ìwé. Ó wò ó títí, kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Máa mu omi. Kí o sì máa fọ ẹnu.

Èmi bàbá rẹ,
tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Télọ̀ Gígún-Régé


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Bàbá rẹ kò mọ̀ pé mo kọ èyí. Mo kí ọ, mo bá ọ kẹ́dùn, mo sì fẹ́ bá ọ jà, ṣùgbọ́n ìjà máa dúró títí ara rẹ á fi yá. Mo ń lọ ra ọṣẹ lánàá ni mo rí "ÌYÁ MI, Ẹ BÁ MI PURỌ́" lára ògiri, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó orí mi. Mo ní kí obìnrin náà yọ ọ́. Ó ní kí n fún òun di òpin ọ̀sẹ̀, ó ń pe oníbàárà wọlé fún òun. Gbogbo ẹni tó bá kà á ló ń mú oògùn ọ̀fun wá bá mi. Ẹnì kan ní kí o máa fi orí sísàlẹ̀ sùn. Má gbọ́ tiwọn, ti dókítà ni kí o tẹ̀ lé.

Ní ti ṣòkòtò ọ̀gá ilé-ìwé, òótọ́ ni pé kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Bàbá rẹ rán ẹnu àpò méjèèjì pa. Ó rán ẹ̀wù fún ẹ̀ṣọ́ báńkì, ó rán ẹnu apá kan pa pẹ̀lú. Ọkùnrin yẹn ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ ò jáde, ó sì dúpẹ́, ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dọ̀bálẹ̀ kí káńbá kan tó so rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó rò pé oníbàárà àgbàlagbà ni. Nígbà tí káńbá ò dá a lóhùn, inú bí i, ó ní àwọn àgbà ìsinsìnyí ò mọ ìwà hù mọ́.

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló pani lẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gun ìka rẹ̀ já lọ́jọ́ Ajé. Ó ní síṣọ́ọ̀sì ló gé òun, bẹ́ẹ̀ mo rí ihò. Ọ̀gá ilé-ìwé sì ti rọra wá kó gbogbo aṣọ yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé fún un padà. Ó ní wọ́n ti yí àwọ̀ padà. Wọn ò yí àwọ̀ kankan padà. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Tí ṣọ́ọ̀bù yẹn bá kú mọ́ bàbá rẹ lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Kò ní ju kó jókòó síbì kan kó máa gbó lọ.

Má ṣe kọ wínníwínní mọ́. Sọ òótọ́ fún un, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má bínú pé mo purọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò tó ka ẹnu mi lára ògiri, ẹ sọ fún wọn pé mo ti ń gbé itọ́ mì.

Gbogbo ìwé yìí ni mo kọ gàdàgbà, mi ò fi nǹkan kan pamọ́ sísàlẹ̀. Ó dùn mí. Ó dùn mí lọ́jọ́ kìíní, ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ karùn-ún, nígbà tó sì di ọjọ́ keje tí èépá inú ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, mo bú dókítà, mo bú nọ́ọ̀sì, mo bú ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn. Inú ni mo ti bú wọn, nítorí mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ra sílétì kékeré kan tí mo fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ sí i ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa pariwo dá mi lóhùn, wọ́n á máa fa ọ̀rọ̀ gùn bíi pé adití ni mí. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí mi ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá, òun náà lọ ra sílétì tirẹ̀. Ìjẹta a jókòó nílé ìdáná bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì ń kọ, à ń nù, etí mi sì dá ṣáká.

Níbi iṣẹ́, ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń kéde ọkọ̀ fún èrò. Nígbà tí mi ò sí, ọ̀gá wa gbé ohùn mi tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tipẹ́ sórí ẹ̀rọ. Lánàá ló kéde ọkọ̀ aago mẹ́sàn-án tí a ti fagi lé láti oṣù kẹfà. Èrò mẹ́rìnlá tò, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí kò sí.

Ṣùgbọ́n Bàbá mi, àdéhùn wa kò sọ pé kò ní dùn. Ẹ ní kí n gé tèmi, mo gé tèmi. Mo parọ́, òótọ́ ni, mo sì ti tọrọ àforíjì. Ohun tí mo rò ni mo fẹ́ sọ yìí, ẹ dárí rẹ̀ jì mí. Kì í ṣe irọ́ mi ni kò jẹ́ kí ẹ lọ. Ojora ló mú yín. Télọ̀ tí kò rí abẹ́rẹ́ ń sá fún ẹni tó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ hàn án.

Ẹ fún awakọ̀ ní èsì, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ń bọ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Mo kí yín. Awakọ̀ dé lánàá pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ó ní òun yà, òun rí yín ní ṣọ́ọ̀bù, òun kí yín, ẹ kàn mi orí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá awakọ̀ dúró kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Tí ọ̀rọ̀ mi bá burú, ẹ bú mi padà. Kí ẹ ṣáà má dákẹ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ìwọ lo fa èyí, jókòó kí o gbọ́ ọ.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti gbọ́ "ojora", kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní, ó kọ ọ́ ni o, kò sọ ọ́, ó ní tí ọmọ òun bá lè ya odi fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun náà lè yà á. Ó ti ra sílétì. Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ kọ̀wé sí i, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó ti kọ, nítorí náà kì í nù ún. Àárọ̀ ló kọ pé òun ń fẹ́ omi ìwẹ̀. Lọ́sàn-án ó kọ oúnjẹ lé omi ìwẹ̀ lórí. Nígbà tó fi máa dìrọ̀lẹ́, ó ti kọ èébú lé oúnjẹ lórí, ó sì dorí sílétì kodò, ó gbé e sí mi lójú, ó ń dúró de èsì. Mo ní ó dáa. Èmi náà ò mọ ohun tí mo gbà sí.

Ó ń ronú, mo mọ̀ ọ́n. Lánàá mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó ń wo ògiri, ó tún fi ọwọ́ bo ti òsì. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ṣe bíi pé eṣinṣin lòun ń lé. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi.

Ìyá rẹ


Ogúnjọ́, oṣù kẹwàá

Sí ọmọ mi tó pè mí ní olójora,

Mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi ò dùn. Ìbá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ká ní irọ́ ni.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ. Tí télọ̀ bá wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ṣì lè yí ọkàn padà. Tí síṣọ́ọ̀sì bá ti wọ inú rẹ̀, ó parí nìyẹn. Mo ti gé aṣọ oníbàárà kú rí, mo sì lọ ra òmíràn dí i. Ta ló máa ra ojú dí i fún mi? Mo ṣì ń rí díẹ̀ báyìí. Mo ń rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo sì ń fi ìka mọ ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà. Tí wọ́n bá gé e tí ó bá gé kú, díẹ̀ yẹn náà á lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń béèrè. Wọ́n fi abẹ sí ibi tí ohùn rẹ ń gbà kọjá. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn náà. Ọ̀sẹ̀ méjì tí dókítà dá fún ọ ti pé, o ò pè. Kí lo ń fi pamọ́ fún mi? Tí ohùn ọmọ mi bá ṣì wà bó ṣe wà, tí abẹ wọlé tó sì jáde láìmú nǹkan kan dání, mo máa lọ lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Tó bá yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ dókítà létí mi mọ́. Pè mí lọ́jọ́ Àìkú.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bí o ṣe pè láàárọ̀ yìí, mo tan fóònù sókè kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Ohùn rẹ ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa." Bàbá rẹ fò dìde. Ó ní ohùn ọmọ òun nìyí, kò yẹ̀, kò dínkù. Ó ní, "Agogo Ilé, ṣé ara ti yá?" O ní ọkọ̀ kẹrin máa gbéra ní aago mẹ́sàn-án. Ó bi ọ́ pé níbo lò ń lọ. O ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹrù sójú ọ̀nà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó gbé ìdì aṣọ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kúrò. O ní kí á di ọmọ wa mú dáadáa. Ó ní, "Mo dì ọ́ mú." Ìgbà tí aago dún, tí o tún bẹ̀rẹ̀ láti "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa", ló tó yé e.

Mo rò pé ó máa pariwo. Kò pariwo. Ó pa fóònù, ó jókòó, ó ní, "Wọ́n ti gé ohùn ọmọ mi lọ." Ó mú káàdì ilé ìwòsàn ojú, ó ká a, ó fi ti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń mì.

Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ níṣẹ́ yẹn?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Mo kí yín, ojú sì ń tì mí. Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wọn dé òpin lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ní ohùn. Wọn ò gé e lọ. Ṣùgbọ́n ó ti yàtọ̀. Ó ti ga díẹ̀, ó fẹ́lẹ́, ó sì fẹ́ máa gba imú jáde. Ọ̀gá mi ní ó dà bí ohùn ẹni tó sọ̀rọ̀ láti inú garawa. Dókítà ní ó lè padà bọ̀ sípò, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo mọ̀ pé tí mo bá la ẹnu, ojú yín ti lọ nìyẹn. Ni mo bá lọ yá ẹ̀rọ ibi iṣẹ́, mo gbé fóònù sí i lẹ́nu. Mo ti rò pé màá pa á lẹ́yìn "Ẹ káàárọ̀", ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Mo pè yín ní olójora, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni olójora.

Abẹ mú nǹkan lọ lára mi, Bàbá, mi ò ní tàn yín mọ́. Ó mú ohùn díẹ̀ lọ. Ó sì mú ibà lọ, ìgbà mẹ́fà lọ́dún tí mo ń fi aṣọ méjì bora láàárín ẹ̀rùn. Lánàá mo jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, mo gbé e mì, kò dùn mí, mo tún jẹ òmíràn nítorí kò dùn mí. Mi ò lè ṣèlérí ohun tí dókítà ojú máa ṣe fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí wọ́n bá tún ní kí n yan láàárọ̀ ọ̀la, màá gé e.

Lọ́jọ́rú, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, màá pè yín pẹ̀lú ohùn tó wà lọ́rùn mi. Tí ẹ ò bá gbé e, màá máa pè títí iná fóònù yín á fi kú.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá

Sí ọmọ mi, Garawa,

Mo kí ọ, mo kí ọ̀fun rẹ. Wo bí mo ṣe kọ̀wé yìí, mi ò lo rúlà.

Mi ò fẹ́ gbé fóònù yẹn lọ́jọ́rú. Ìyá rẹ ló gbé e, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí bí ẹni ń rọ oògùn fún ọmọ. Ohùn kan ní, "Bàbá." Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní wọ́n ṣi nọ́ńbà pè. Ohùn náà ní, "Ẹ ti tún dé. Àgbàlagbà ń sá fún abẹ́rẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́rin, ó wá ń pe ọmọ tó bí ní ẹni tó ṣi nọ́ńbà." O ò tíì bú mi dé ìdajì tí mo fi mọ̀ pé wọn ò gé nǹkan kan kúrò lára ọmọ mi. Mo yọ káàdì lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ti ń mì láti ìgbà náà.

Ní ilé ìwòsàn, mo kígbe kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Dókítà ní awò ojú òun lòun ń nù. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kò sì pẹ́ tó àkókò tí mo fi ń rán kọ́là kan. Bí o bá bi mí bóyá ó dùn mí, màá sọ òótọ́: ó dùn mí díẹ̀, mo sì fi púpọ̀ kún un fún ìyá rẹ. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ kejì, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni etí aṣọ nọ́ọ̀sì, ó wọ́. Mo bi í léèrè ẹni tó rán an. Ó ní télọ̀ àdúgbò rẹ̀ ni, kì í ṣe èmi, inú mi sì dùn.

Inú mi ò dùn pẹ́. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo rí àwọn ohun tí mo so kọ́. Mi ò yíjú padà, mo bi ìyá rẹ tó wà lẹ́yìn mi pé ta ló rán àwọn ìdọ̀tí yìí. Ó ní òun ń lọ dá iná. Mo jáde sí òpópónà. Kọ́là onígbàjámọ̀ wà ní èjìká kan. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà wọ ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ kan dé ilẹ̀, tí èkejì dúró ní agbede méjì. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń yọ̀ fún mi, wọ́n wọ iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ síbi iṣẹ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Ọdún méjì, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Mo padà wọlé. Ìyá rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ti mú gèlè àti ìborùn kúrò. Gbogbo orí rẹ̀ ti funfun. Ó dúdú nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn. Ó wọ bùláòsì tí mo rán fún un lọ́dún tó kọjá, èyí tó máa ń wọ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Apá kan dé ọrùn ọwọ́, èkejì ò dé ìgúnpá. Bọ́tìnnì méje ló wà níbẹ̀, ihò mẹ́fà. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó ń tún iná dá, kò wojú mi. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi pé ẹ ò rí mi mọ́."

Dókítà ní omi ò gbọdọ̀ kan ojú náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò lè pa òfin yẹn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá rẹ